Ìkòkò Òjé àti Ọwọ́ Tó Mọ Iná

Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1776, àwọn ará New York fa ère Ọba George Kẹta lulẹ̀ ní Bowling Green. Òjé ni ère náà, wúrà ni wọ́n fi bò ó lára. Wọ́n kó àfọ́kù rẹ̀ lọ sí Litchfield ní Connecticut, sílé Oliver Wolcott, ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin àtàwọn ọmọ ibẹ̀ ló yọ́ ọ, tí wọ́n dà á di ọta ìbọn. Wọ́n kọ iye tó jáde sílẹ̀: 42,088. Iná, ìkòkò, ìgbakọ àti mọ́ọ̀dù ni irinṣẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Iye yẹn jọ mí lójú, ṣùgbọ́n èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ló ń gbé mi lọ́kàn jù, ìyẹn àwọn ọta tó hunjọ, tàbí tí ìdí wọn kò pé, tí wọ́n jù padà sínú ìkòkò. Kò sí ẹni tó ń da òjé tí kì í jù padà. Bí iná bá ṣe dúró sí ni ìjùpadà ṣe ń pọ̀ tàbí kó dín.

Iṣẹ́ náà kò tíì kú ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń yìnbọn ṣeré ìdárayá, àwọn ọdẹ, àtàwọn tó ní ìbọn àtijọ́ tí ọta rẹ̀ ṣòro rí lórí àtẹ, wọ́n ṣì ń da ọta fúnra wọn nínú gáráàjì tàbí nínú ahéré ẹ̀yìn ilé. Òfin ibẹ̀ fàyè gba ẹni tó ń ṣe é fún ìlò ara rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ń ṣe ọta láìgba àṣẹ ìjọba ti rúfin, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ohun tí mo ń kọ yìí ṣe àwáwí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń wò. Ẹni tó bá mọ òjé tí àwọn apẹja wa ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì yóò rí i pé ìkòkò kan náà ló lè da méjèèjì, ọgbọ́n iná kan náà ni.

Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò oníná mànàmáná máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé kílò mélòó ló ń gbà. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé, bí mo bá gbé e sí ìwọ̀n ooru kan, ṣé ibẹ̀ náà ni màá bá a lẹ́yìn wákàtí kan tí mo ti ń bù nínú rẹ̀, tí mo sì ń da ṣẹ́kù padà sí i?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ìkòkò ná. Òjé lásán ń yọ́ ní dígírì 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tánńganran ń yọ́ ní 232. Antimony, tó ń mú kí òjé le, kò ní yọ́ lóun nìkan àfi ní 631, ṣùgbọ́n bí a bá pò ó mọ́ òjé tó ti yọ́, yóò wọ inú rẹ̀ lábẹ́ ooru tó kéré sí ìyẹn gan-an. Àpòpọ̀ tí ilé iṣẹ́ Lyman sọ di mímọ̀, tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 2, jẹ́ òjé 90, tánńganran 5 àti antimony 5 nínú 100. Elmer Keith, ọdẹ àti òǹkọ̀wé ọ̀rọ̀ ìbọn tó gbé ní Idaho, fẹ́ràn òjé 16 sí tánńganran 1. Iṣẹ́ tí tánńganran ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí òjé ṣàn wọ gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù. Òjé lásán máa ń ká ara rẹ̀ jọ ni, kì í fẹ́ wọ ibi tóóró. Àmọ́ bí ooru bá ti kọjá 430 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tánńganran náà yóò máa yára jóná di ìdàrọ́ lójú òjé, ohun tí a fowó rà á á sì bá ìdàrọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ láàárín 370 sí 400. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ọta á hunjọ. Bó bá ga jù, ara rẹ̀ á ṣe funfun bí ẹni pé wọ́n fi eérú kùn ún, oníṣẹ́ á sì máa dúró pẹ́ kí ọ̀kan tó dì. Àlàfo dígírì 30 péré ni gbogbo wàhálà yìí wà nínú rẹ̀, ìkòkò la sì ń sanwó fún kó bá wa dúró síbẹ̀.

Bàbá kan wà lẹ́yìn Houston tí mo máa ń lọ jókòó tì lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti dàgbà, ọwọ́ wọn kò sì yára, ṣùgbọ́n wọn kì í dáwọ́ dúró. Ìbọ̀wọ́ awọ ló máa ń wà lọ́wọ́ wọn, aṣọ òwú alápá gígùn, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, àti awò ojú. Wọ́n á ti etí mọ́ọ̀dù bọ inú òjé díẹ̀ kó lè gbóná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí mọ́ọ̀dù tútù kò ní jẹ́ kí òjé kankan rí bó ṣe yẹ, bó ti wù kí ìkòkò dára tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé mọ́ọ̀dù sábẹ́ ẹnu ìkòkò, wọ́n á gbé ọwọ́ irin sókè, òjé á ṣàn wọlé. Wọn kì í dá a dúró bí ihò bá ti kún. Wọ́n á jẹ́ kó kún dé orí pẹlẹbẹ irin tó bo mọ́ọ̀dù, kó gbá jọ síbẹ̀ dáadáa, nítorí pé bí òjé tó wà nísàlẹ̀ ṣe ń dì ló ń sún kì, tó sì ń fa òmíràn mọ́ra láti òkè. Ẹni tó bá ṣahun níbẹ̀ yóò rí ihò nínú ìdí ọta.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ láti wò ni ojú òjé tó gbá jọ lórí pẹlẹbẹ yẹn. Nígbà tó kọ́kọ́ dúró, ó ń dán gbinrin, iná gílóòbù òkè orí á hàn nínú rẹ̀. Láìpẹ́, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, òkùnkùn náà á rìn wọ àárín, gílóòbù á sì pòórá. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Bàbá kì í wo aago. Bí dídán yẹn bá ti kú, wọ́n á ka díẹ̀ sí i nínú ara wọn, wọ́n á fi àtàǹpàkò tó wà nínú ìbọ̀wọ́ ti pẹlẹbẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣẹ́kù á gé kúrò. Àwọn míì máa ń fi òòlù igi gbá a. Ti bàbá sàn lójú mi, nítorí pé àtàǹpàkò ń sọ fún wọn bóyá òjé ti dì tán tàbí ó ṣì rọ̀, ohun tí òòlù kò lè sọ. Wọ́n á la mọ́ọ̀dù, ọta méjì á já bọ́ sórí aṣọ ìnura tí wọ́n ká ní ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n á pa á dé, ó tún di ẹnu ìkòkò.

Bí dídì yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ jù bó ṣe yẹ lọ, bàbá mọ̀ pé mọ́ọ̀dù ti gbóná jù. Wọ́n á gbé e síwájú fáànù kékeré fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì tún rọra dín eré wọn kù. Bó bá ń dì kí wọ́n tó gbójú sókè, wọ́n á yára. Ooru ìkòkò dúró lójú kan, ọwọ́ wọn ló ń darí ooru mọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà pátápátá. Bí ìkòkò fúnra rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, oníṣẹ́ kò ní mọ èwo nínú méjèèjì ló ń bá òun jà. Yóò yára nígbà tó yẹ kó dúró, yóò dúró nígbà tó yẹ kó yára, ọ̀sán á pọ́n, òkìtì ìjùpadà á ga ju òkìtì ọta lọ.

Nígbà tí ọta bá tutù, ìdí rẹ̀ ni bàbá ń kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ṣóńṣó orí. Ìdí ló ń fi ẹnu ìbọn sílẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ̀fúùfù ìbúgbàù sì ń tì í níbẹ̀. Bí etí ìdí náà kò bá mú yíká, ọta yóò yà kúrò lọ́nà. Wọ́n á yí i lábẹ́ iná, wọ́n á sọ èyí tó ní àbùkù sínú agolo, wọ́n á sì gbé àwọn tó kù sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí kò sì sí àbùkù lójú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló há sínú ikùn rẹ̀. Padà sí ìkòkò.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìgbakọ àti ìkòkò oníhò nídìí báyìí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kì í yé jiyàn lé lórí. Ìkòkò tó ṣí lórí, tí a ń fi ìgbakọ bù, rọrùn, owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ní ohunkóhun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ ju iná lọ. Ìṣàn òjé wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bù ú. Bí ìkòkò kún, bí ó fà, bákan náà ni yóò ṣe máa ṣàn láti ẹnu ìgbakọ. Àwọn tó ń da ọta ńláńlá fún ìbọn ọlọ́nà jíjìn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ìkòkò oníhò nídìí ní tirẹ̀ ní ọ̀pá irin tó dí ihò kan nísàlẹ̀. Bí a bá gbé ọ̀pá náà, òjé mímọ́ á ṣàn láti abẹ́, ìdàrọ́ á sì dúró lókè níbi tó wà. Ó yára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìkòkò bá kún, ìwúwo òjé tó wà lókè á máa tì í, ìṣàn á le. Bó bá fà, ìṣàn á rọ̀, oníṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò tún ìdè ọ̀pá yí díẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé èérún ìdọ̀tí kékeré kan péré lè há sábẹ́ ọ̀pá náà, òjé á bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó, sórí tábìlì. Nínú àwọn ìkòkò olówó pọ́ọ́kú, èyí wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ti gbà á bẹ́ẹ̀. Bàbá máa ń fi sìkúrúdíráfà yí orí ọ̀pá náà sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi jókòó dáadáa, wọ́n sì máa ń fi àwo irin kékeré sábẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Wọn kì í fi ìkòkò tó ń gbóná sílẹ̀ jáde, kódà fún ìṣẹ́jú kan. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Mo ní kílò kọ́ ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò ṣe pàtàkì. Ẹ wo alákàrà nídìí epo. Kì í da gbogbo ẹ̀wà lílọ̀ rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá kó jù sí i, epo á tutù, àkàrà á sì mu epo yó. Ìkòkò òjé kékeré ń jìyà bẹ́ẹ̀. Bí a bá da ẹ̀kúnwọ́ ṣẹ́kù kan padà sínú ìkòkò tó gba kílò 4.5, ooru á já wálẹ̀, oníṣẹ́ á sì jókòó máa wò ó. Ìkòkò tó gba kílò 9 tàbí 11 kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ mọ̀ pé nǹkan wọlé. Torí ooru ni mo fi ní kí ènìyàn ra ńlá, kì í ṣe torí iye ọta. Ká fi ìṣirò sí i: ọta ìbọn pélébé .38 tí gbogbo oníṣẹ́ mọ̀, tó wọn gíráàmù 10.2, lè tó 880 nínú kílò 9 lórí ìwé. Lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í jẹ́ kí òjé inú ìkòkò kéré sí ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí náà bí 590 ni yóò dà kó tó tún kún un. Kódà nígbà tí wọ́n bá ṣíwọ́, bàbá máa ń fi òjé díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ kó dì síbẹ̀. Ọjọ́ mìíràn tí wọ́n bá tan iná, òjé yẹn ló ń kọ́kọ́ yọ́, tó sì ń gbé ooru fún èyí tí wọ́n bá kó lé e.

Ohun tó wà nídìí ooru tó dúró lójú kan nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò tí owó rẹ̀ kò wọ́n, irin méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ló ń tan iná tó sì ń pa á. Bí ó bá gbóná, irin náà á tẹ̀, iná á kú. Bí ó bá tutù, á nà padà, iná á tún wá. Láàárín àtẹ̀ àti ànà yẹn, ooru lè fi ogún dígírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gòkè kó tún fi sọ̀ kalẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tó wà lára bọ́tìnnì rẹ̀ pàápàá kì í ṣe dígírì. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ra tẹmọ́mítà tí yóò máa dúró nínú òjé, kó má ṣe gbójú lé bọ́tìnnì. Èyí tó dára ju ìyẹn lọ ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní PID. Ó ní ọ̀pá tó ń wọ inú òjé, ó ń ka ooru náà láìdáwọ́ dúró, ó sì ń fún iná ní díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ ibi tí a rán an, kó má bàa fò kọjá. Lyman Mag 25 àti RCBS Pro-Melt 2 ní irú ìdarí bẹ́ẹ̀ nínú láti ilé iṣẹ́. Ti ilé iṣẹ́ Lee kò ní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń ra PID lọ́tọ̀ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Kò sí ìkòkò tó lè bo òjé ẹlẹ́gbin. Nígbà kan rí, òjé tí àwọn fọkanáísà ń lẹ̀ mọ́ rímù láti fi mú taya dọ́gba pọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ kàn lè lọ tọrọ garawa kan. California àti àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan ti fòfin de irú rẹ̀, irin àti síńkì ló ti gba ipò rẹ̀ báyìí. Ilé ìyọ́jé tó ń yọ́ òjé láti inú òkúta ilẹ̀ tó kẹ́yìn lórílẹ̀-èdè náà, èyí tó wà ní Herculaneum ní Missouri, pa iná rẹ̀ ní òpin ọdún 2013. Nítorí náà, àlòkù òjé ni ọ̀pọ̀ ń yọ́, síńkì sì máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti sọ òjé di kíki tí kò ní wọ mọ́ọ̀dù dáadáa mọ́. Síńkì ń yọ́ ní 419, ó sì fúyẹ́ ju òjé lọ. Ẹni tó bá ń yọ́ àlòkù rẹ̀ lábẹ́ 400 yóò rí síńkì náà tó léfòó sókè ní odindi, yóò sì fi ìgbakọ ṣà á kúrò. Inú ìkòkò irin mìíràn lórí iná gáàsì ní ìta ni wọ́n ti ń ṣe èyí, kì í ṣe inú ìkòkò tí wọ́n fi ń da ọta. Wọ́n á ju ìda oyin tàbí èérún igi sí i, wọ́n á fi igi gbígbẹ rò ó títí ìdọ̀tí yóò fi léfòó sókè, wọ́n á ré e kúrò, wọ́n á sì da òjé mímọ́ náà di bíríkì kéékèèké. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, tó da àlòkù tààrà sínú ìkòkò oníhò nídìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣètò kíkán tí yóò máa ráhùn lé lórí lọ́la.

Omi ni ọ̀tá tó ń pani lára lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kán kan lórí òjé lè kàn jó gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tó bá há sábẹ́ rẹ̀, lára ìgbakọ tó tutù tàbí bíríkì òjé tó gba ìrì, yóò di ooru omi tó fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po bí 1,700 lójijì, yóò sì tú òjé gbígbóná sójú oníṣẹ́. Bàbá máa ń to bíríkì wọn sí etí ìkòkò kí wọ́n gbóná kí wọ́n tó wọlé.

Májèlé òjé sì ń rìn jẹ́ẹ́. Lábẹ́ 400, èéfín òjé fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Eruku ìdàrọ́ ló burú, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, aṣọ àti bàtà, tó ń bá ènìyàn wọ yàrá. Àwa náà mọ òjé bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń lé fún ọmọ ọwọ́ ní òjé nínú, àwọn dókítà sì ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ní Zamfara ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú nítorí eruku òjé láti inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti rí wúrà. Ní gáráàjì bàbá, kò sí ẹni tó ń jẹun, kò sí ẹni tó ń mu omi, ìdàrọ́ ń wọ inú agolo tó ní ìdérí, bàtà iṣẹ́ kì í sì í kọjá ẹnu ọ̀nà wọ ilé.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n yàn, màá fún ẹni tó ti mọ iṣẹ́ ní ìkòkò kílò 9 sí 11, oníhò nídìí, tó ní PID nínú tàbí tí wọ́n so PID mọ́, tí àyè tó wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀ sì tó fún mọ́ọ̀dù àti ẹ̀mú rẹ̀. Lee Pro 4-20 ní àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 10 níbẹ̀, ó gba kílò 9, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti Lyman tàbí RCBS. Pẹ̀lú PID tí a rà lọ́tọ̀, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi tijú láti lò ó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìkòkò tó ṣí lórí ni kó rà, pẹ̀lú ìgbakọ àti tẹmọ́mítà, torí ìgbakọ yóò kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ohun tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ kò lè kọ́ ọ. Kí ó wo fólítì rẹ̀ kó tó sanwó, nítorí èyí tí wọ́n ṣe fún iná 120 ti Amẹ́ríkà yóò jó lórí iná 240 tiwa. Ẹni tó bá sì ní ọmọ kékeré nílé, tí kò ní ibi tó dá dúró, tí atẹ́gùn ti ń gba inú rẹ̀ jáde, kó má tíì ra ìkòkò kankan.